Bí Ẹni Tó Pè Mí

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Alájì Mùdáṣírù, Ṣómólú,
àjà kejì, lókè ibi tí wọ́n ti ń gé pépà.
Ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ìgépépà bá ti bẹ̀rẹ̀,
ife tíì mi náà ń gbọ̀n lórí tábìlì.
Èmi ni mo kọ ètò tí wọ́n fi ń to ìwé ìsìnkú,
tó ń gba orúkọ, tó ń gba ọjọ́ orí,
tó ń wọn àyè sílẹ̀ fún fọ́tò olóògbé.
Mo ti gbowó mi. Mo ti lọ.
Ìdíátù ló pè mí padà.

"Àǹtí Ìbídùn, asà yẹn tún ti yọ."

Ọmọ náà ò fẹ́ ṣe ju kó tẹ orúkọ òkú,
síbẹ̀ ètò mi ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá,
ọ̀gá sì wà ní Ìlọrin, ó lọ kí ìyá rẹ̀,
fóònù rẹ̀ ò lọ.
Àwọn ọmọ olóògbé jókòó sórí bẹ́ńṣì,
àwọn mẹ́ta, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ta ló ní kí ètò mi máa ṣe bí onílé?
Èmi ni.
Lóru ọjọ́ kan ní Yábàá, iná ti lọ, bátìrì ń kú lọ,
mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé agbára alákòóso ni mo fẹ́,
kí n lè sùn.
Ìwé yẹn ò kún ojú ewé kan.
Òun ni ètò ń nà sí kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà:
orúkọ mi nìyí, iṣẹ́ tí mo bá wá nìyí,
ibi tí agbára mi mọ nìyí.
Kọ̀ǹpútà kì í bá ìwé jiyàn.
Bí o bá pe ara rẹ ní ọ̀gá,
á ní kí o fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá han òun.

Mo jókòó ti Ìdíátù. Mo nu ọ̀rọ̀ kan,
mo fi òmíràn dípò rẹ̀:
bí ẹni tó pè mí.
Bí Ìdíátù bá pè ọ́, kí o tó Ìdíátù.
Ọwọ́ rẹ̀ ò dé àpótí ọ̀gá,
kí tìrẹ náà má dé ibẹ̀.

Asà ò yọ mọ́.
Ṣùgbọ́n àkọ́bí olóògbé dìde, ó yọjú wo kọ̀ǹpútà,
ohun tó bá níbẹ̀ ni
Àb??k??.
Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ yín ń bi wá léèrè ẹni tó kú ni?"

Ojú tì mí. Mo padà sínú ìwé kékeré náà,
mo fi ìlà kan kún un, pé ètò yìí mọ lẹ́tà gbogbo ayé,
ẹ má bá a fi tàwọn ẹlòmíì tú u.
Mo sọ bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó pẹ̀lú,
kí lẹ́tà má baà rí bàìbàì bí ẹja lábẹ́ omi.
Àbẹ̀kẹ́ dé, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀.
Wọ́n tẹ igba ẹ̀dà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìdíátù tún pè.
Kọ̀ǹpútà tuntun dé. Ó kó ètò mi sórí fíláàṣì,
ó fi ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.
Ó kéré jù, ó ní òun rò pé ìdọ̀tí ni.
N ò bá a wí.
Èmi ni mo fi orúkọ ọmọ sínú àpò tó ti lu.

Mo tún ètò náà kàn láti ìpìlẹ̀,
mo ran ìwé mọ́ ọn ní ikùn.
Ibi yòówù kí wọ́n gbé e dé,
Ṣómólú, Muṣin, ṣọ́ọ̀bù tí n ò ní fojú rí láé,
yóò wí tẹnu rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Alájì ti Ìlọrin dé.
"Kò béèrè mi mọ́. Àbí ó ti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi ni?"
Mo ní rárá, Alájì. Kò nílò rẹ̀ ni.
Ó dákẹ́. Inú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn.
Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìgépépà bẹ̀rẹ̀.
Mo di ife tíì mi mú.